Woody Strode àti Ipò Ènìyàn Dúdú Nínú Eré Sinimá Kọ́bọ́ì

Nígbà tí a kéde àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan nínú àwọn àgbà wa bi mí léèrè bóyá eré kọ́bọ́ì tó ohun tí àgbàlagbà ń kó ènìyàn jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo dáhùn pé ohunkóhun tí ó bá lè mú kí ọmọdé fi ebi sùn nítorí pé ó ti fi owó oúnjẹ rẹ̀ san owó ìwọlé, ó tó ohun tí à ń yẹ̀ wò. Èmi gan-an ni ọmọ náà. Ní Ìbàdàn ni, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira. Bí òyìnbó bá yọ lórí ẹṣin, tí ó ń yìnbọn lu àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwa ọmọ Ìbàdàn ni à ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó bèèrè nínú wa pé ta ni ó ni ilẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin dúdú kan jókòó ti pósí lójú aṣọ funfun náà. Ó ga, ó ti darúgbó, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ariwo wa rọlẹ̀. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò sì mọ ohun tí ó ń ṣe láàárín àwọn òyìnbó wọ̀nyí. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé Woody Strode ni wọ́n ń pè é. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn tí ń ṣe sinimá rí ara ọkùnrin yìí kí wọ́n tó rí ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ìrísí rẹ̀ ṣiṣẹ́, wọn kò fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó tó, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n fi í sí di èdè.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a tún èrò kan ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ kọ́bọ́ì, èyí tí í ṣe iṣẹ́ dída màlúù láti Texas lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin dé, jẹ́ iṣẹ́ òyìnbó nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹrú dúdú ti ń da màlúù ní Texas kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí ní 1865, wọn kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n di òmìnira. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nínú àwọn darandaran mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ ènìyàn dúdú. Nat Love, tí a bí sí oko ẹrú, kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́bọ́ì ní 1907. Bass Reeves, òun náà ẹrú tẹ́lẹ̀ rí, di agbófinró ìjọba àpapọ̀. Ní 1866, ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá sílẹ̀. Ènìyàn dúdú ni gbogbo ọmọ-ogun inú wọn, òyìnbó ni ó sì ń ṣe ọ̀gá lé wọn lórí. Nígbà tí Hollywood wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìhà ìwọ̀-oòrùn náà, àwọn wọ̀nyí pòórá. Lóòótọ́, wọ́n ṣe eré kan tí ń jẹ́ *Harlem on the Prairie* ní 1937, tí Herb Jeffries jẹ́ akọni inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé sinimá àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Inú ilé tí wọ́n ti kó àwọn baba rẹ̀ jáde báyìí ni Strode wọ̀ láti wá jẹun.

Ìlú Los Angeles ni a bí i sí ní ọjọ́ 25, oṣù keje, 1914. Woodrow Wilson Woolwine Strode ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ààrẹ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn dúdú rárá. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín sí i tàbí kí n má rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó pàdé nínú òun. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́rin. Eré ìdárayá ni ó gbé e dé yunifásítì UCLA, níbi tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa. Ní 1939, òun àti Kenny Washington àti Jackie Robinson ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ kankan kò borí wọn ní ọdún yẹn. Jackie Robinson yìí náà ni ó wá fọ́ ògiri ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ nínú eré béèsìbọ́ọ̀lù ní 1947.

Gbogbo ayé ni ó mọ ti Robinson. Ẹni tí ó mọ̀ pé Washington àti Strode ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú kò pọ̀. Láti ìgbà tí eré ọdún 1933 ti parí, àwọn onílé-iṣẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò gba ènìyàn dúdú kankan mọ́. Wọn kò kọ òfin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ń pa á mọ́. Ní 1946, ẹgbẹ́ Rams kó kúrò ní Cleveland wá sí Los Angeles, wọ́n sì fẹ́ máa lo pápá Coliseum. Owó ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ pápá náà, owó ènìyàn dúdú sì wà nínú rẹ̀. Àwọn oníròyìn dúdú ìlú náà dìde, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí kò bá gba ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gba Washington, tí wọ́n sì gba Strode tẹ̀ lé e, kí Washington má baà dá wà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ẹni tí ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí ó ti gba oyè eré ìdárayá, ẹnì kejì yàrá ni wọ́n gbà á fún. Lẹ́yìn ọdún kan wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó kọjá sí Kánádà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Calgary tí ó gba ife ẹ̀yẹ Grey Cup ní 1948. Lẹ́yìn náà ni ó ń jìjàkadì fún owó káàkiri.

Iṣẹ́ sinimá kò wá bá a bí ìpè. Ara rẹ̀ ni wọ́n rí. Nínú eré *Sundown* ní 1941, ó ṣe ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nígbà tí ó tún padà wá lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ tí ó ń rí ni ti aginjù: jagunjagun Áfíríkà, ẹ̀ṣọ́, ẹni tí ń gbé ẹrù òyìnbó kiri láàárín igbó tí wọ́n fi igi àti aṣọ ṣe ní California. Áfíríkà tí àwọn eré wọ̀nyí fi hàn kò sí lórí ilẹ̀ ayé kankan. Ní 1956, nínú *The Ten Commandments*, olùdarí Cecil B. DeMille fún un ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó jẹ́ ọba Etiópíà níbi kan, ó sì jẹ́ ẹrú tí ń ru àga ọmọbìnrin Fáráò níbòmíràn. Ọba àti ẹrú nínú eré kan ṣoṣo! Àwọn tí ń wo eré kò mọ̀, nítorí pé wọn kò wo ojú rẹ̀.

Ọdún 1960 ni nǹkan yí padà. Nínú *Spartacus*, tí Stanley Kubrick darí, Strode jẹ́ Draba, ẹrú tí wọ́n kọ́ ní ìjà àjàkú láti fi dá àwọn ọlọ́lá Róòmù lára yá. Spartacus bèèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ̀, nítorí pé ó lè di ọ̀ranyàn kí àwọn méjèèjì pa ara wọn. Ó sì di ọ̀ranyàn. Wọ́n kó àwọn méjèèjì sínú agbo, Draba mú ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta àti àwọ̀n lọ́wọ́, ó borí, ọ̀kọ̀ rẹ̀ sì kan Spartacus lọ́rùn. Àwọn tí ó wà lókè ní kí ó pa á. Ó wo Spartacus, ó wo òkè, ó sì ju ọ̀kọ̀ náà sí àwọn tí ó wà lókè, ó fò mọ́ ògiri tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n pa á. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọ́ sí ibùgbé àwọn ẹrú, wọ́n dojú rẹ̀ kọdò. Ìṣọ̀tẹ̀ ńlá tí eré náà dá lé lórí hù jáde láti ara ikú yìí. Àkókò tí Strode lò nínú eré tí ó gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ kò pọ̀ rárá, gbólóhùn rẹ̀ ṣeé kà lórí ìka, síbẹ̀ wọ́n yàn án mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Golden Globe. Ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ wà: nínú ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó fi dúró, tí kò gún, tí kò sì sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kan náà ni John Ford, tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn olùdarí eré kọ́bọ́ì, ṣe *Sergeant Rutledge*. Ní 1881 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Sájẹ́ǹtì Rutledge, ọmọ-ogun dúdú ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án, pé ó fi ipá bá ọmọbìnrin òyìnbó kan lò pọ̀, ó sì pa òun àti baba rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá ibùdó. Ilé-ẹjọ́ ológun jókòó, àwọn ẹlẹ́rìí sì ń sọ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹjọ́ ti ń lọ, a ó rí i pé Rutledge ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó mú un, ó ti sá dé etí odò Pecos, òmìnira wà níwájú rẹ̀; ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn Apache ti ba de àwọn ọmọ-ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì yí ẹṣin padà láti kìlọ̀ fún wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ sọ ìpadàbọ̀ náà di ẹ̀tàn. Níbẹ̀ ni Rutledge ti dìde lórí àga ẹlẹ́rìí, tí omi lé sí i lójú, tí ó fi yé wọn pé ẹgbẹ́ kẹsàn-án ni ilé òun àti iyì òun, àti pé bí òun bá sá lọ, òun kò ní ju ẹni tí ń sá kiri nínú ẹrẹ̀ lọ.

Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí ó ná owó sí eré náà fẹ́ òṣèré dúdú tí orúkọ rẹ̀ ti tàn, Ford sì kọ̀, ó ní Strode ni òun fẹ́. Síbẹ̀, orúkọ Jeffrey Hunter àti Constance Towers ni ó ṣíwájú orúkọ ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ eré. Eré náà kò pa owó tí wọ́n retí. Ṣùgbọ́n òun ni eré kọ́bọ́ì àkọ́kọ́ láti ilé-iṣẹ́ ńlá tí ènìyàn dúdú jẹ́ akọni rẹ̀, Strode sì mọ ìwọ̀n ohun tí ó ń ṣe. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun gun ẹṣin la odò Pecos kọjá, gbogbo ìran ènìyàn dúdú ni òun gbé lẹ́yìn la odò náà.

N kò ní yin eré náà ní àyìnpamọ́. Kí ọkùnrin dúdú kan tó lè fi hàn pé ènìyàn ni òun, àwọn Apache ní láti jẹ́ ẹranko nínú ìtàn náà. Ẹgbẹ́ kẹsàn-án tí ó jẹ́ ilé fún Rutledge ni ó ń lé àwọn ẹlòmíràn kúrò ní ilé tiwọn. Ford kò wo ibẹ̀. Strode, tí ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ nínú ìran rẹ̀, kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ tí mo lè tọ́ka sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ford kàn sọ Strode fúnra rẹ̀ di jagunjagun Comanche nínú *Two Rode Together*. Ní 1966 ó sọ ọ́ di ará Mongolia nínú *7 Women*. Bí ara ti bá lágbára tó, àṣé orílẹ̀-èdè tí ó ti wá kò já mọ́ nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọkùnrin tí ó jókòó ti pósí. *The Man Who Shot Liberty Valance* ni eré náà, 1962. Strode jẹ́ Pompey, ẹni tí ń bá Tom Doniphon ṣiṣẹ́. John Wayne sì ni Doniphon. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe àríwísí sinimá ti bínú sí Pompey. Wọ́n ní ọmọ-ọ̀dọ̀ olóòótọ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bá wọn bínú rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo eré náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo rí ohun tí ọmọdé kò lè rí. Agbẹjọ́rò tí James Stewart ṣe ń kọ́ àwọn ará ìlú ní ìwé. Ó ní kí Pompey ka ohun tí ó wà nínú ìwé ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà. Pompey dìde, àwòrán Lincoln wà lára ògiri nítòsí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbàgbé ibi tí wọ́n ti sọ pé dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ tù ú nínú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbàgbé ibẹ̀. Kò pẹ́ tí Doniphon fi wọlé, tí ó sọ fún Pompey pé ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ ti parí, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ìlú ń dìbò, ìta ni Pompey wà. Nígbà tí Doniphon fi ọtí àti ìbànújẹ́ dáná sun ilé ara rẹ̀, Pompey ni ó wọnú iná lọ gbé e jáde. Nígbà tí Doniphon kú, tí ìlú ti gbàgbé rẹ̀, Pompey ni ó jókòó tì í.

Ta ni ó mọ òtítọ́ ẹni tí ó pa Liberty Valance láti ìbẹ̀rẹ̀? Pompey wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Òun ni ó ju ìbọn sí Doniphon. Oníròyìn ń bi gbogbo ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, kò sì bi í. Bí a bá wò ó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ìtàn náà lọ́wọ́ ni wọ́n fi sí ìta. Èmi kò lè sọ pé Ford pète gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n Strode jókòó níbẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ìyẹn kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fún un kà.

Ó jọni lójú pé ọ̀kan nínú ìjà tí ó súnmọ́ ọn jù nígbà tí wọ́n ń ya eré náà wáyé láàárín òun àti Wayne. Ìtàn tí Strode fúnra rẹ̀ sọ ni pé Wayne ń wa ọmọlanke ẹlẹ́ṣin kan eré sá, ẹṣin kọ̀ kò dúró, òun na ọwọ́ sí ìjánu láti ràn án lọ́wọ́, Wayne sì tì í dànù. Strode múra ìjà, Ford sì pariwo pé kí ó má lu Wayne, nítorí pé iṣẹ́ kò tí ì parí. Ẹni tí ó ti fi ìjàkadì jẹun, tí ó ti sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà ogun tí Wayne kò lọ, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

*The Professionals* ti Richard Brooks, 1966, yẹ ní mímẹ́nubà ju bí mo ti lè ṣe lónìí. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n háyà láti gba obìnrin kan padà ní Mẹ́síkò, Strode sì jẹ́ atọpasẹ̀ tí ń ta ọfà láàárín Burt Lancaster, Lee Marvin àti Robert Ryan. Kò sí ọmọ-ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Owó kan náà ni wọ́n bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúnàádúrà lé lórí. Ó gbádùn mọ́ni láti rí i.

Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti wá fún un ní ohun tí ilé kò fún un. Sergio Leone ará Ítálì mú un lọ sí Sípéènì fún ìbẹ̀rẹ̀ *Once Upon a Time in the West*, 1968. Ọkùnrin mẹ́ta tí ó gbé ìbọn dání ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Kò sí orin. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Omi ń kán sí orí Strode láti òkè ilé. Dípò kí ó kúrò níbẹ̀, ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀, omi ń kán sí i, tó, tó, tó, ó dúró bí ère. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó ṣí akẹtẹ̀ náà, ó sì mu omi tí ó ti gbá jọ sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n ń dúró dè, Charles Bronson, yìnbọn pa wọ́n. Strode kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ṣùgbọ́n Leone gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sún mọ́ ojú rẹ̀ títí ojú náà fi kún gbogbo aṣọ funfun, Strode sì sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ ní Hollywood rí. Ní ìgbà tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, ó di ẹni tí a wo ojú rẹ̀.

Ó kó lọ sí Róòmù, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nínú àwọn eré kọ́bọ́ì tí àwọn ará Ítálì ń ṣe nígbà náà. Èyí tí ó kan àwa ọmọ Áfíríkà jù nínú gbogbo eré rẹ̀ kì í ṣe ti kọ́bọ́ì rárá. Ní 1968 kan náà, Valerio Zurlini ṣe eré kan nípa aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà kan tí àwọn jagunjagun agbàṣẹ́ṣe mú, tí wọ́n dá lóró, tí wọ́n sì pa. Lalubi ni orúkọ tí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Patrice Lumumba ni, ẹni tí wọ́n pa ní Kóńgò ní oṣù kìíní, 1961. *Black Jesus* ni wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí ó ti ru ẹrù òyìnbó nínú igbó oníke ní California ni ó wá ń ṣe ọmọ Áfíríkà tí ó ní èrò, tí ó ń bá ẹni tí ó fẹ́ pa á jiyàn, tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Ohùn rẹ̀ nínú eré náà lọ́ra, kò ga. Ó dà bí ẹni tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọjọ́ náà láti 1941.

Ní ọdún 1973, nígbà tí John Ford ń kú lọ, Strode wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà bí baba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ford ti bú u, ó ti fi í ṣẹ̀sín, wọ́n sì ní ó ti fún un ní ọtí yó rí kí ojú rẹ̀ lè rí bí ó ti fẹ́ nínú ẹjọ́ Rutledge. N kò ní fi ọgbọ́n òde òní dá ìfẹ́ náà lẹ́jọ́. Ó gbé ìwé ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1990. Ní 1993, nígbà tí Mario Van Peebles ṣe *Posse*, eré nípa àwọn kọ́bọ́ì dúdú, àgbàlagbà Strode ni wọ́n fi síwájú láti sọ ìtàn náà fún wa. Níkẹyìn, wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Ó kú ní Glendora, California, ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn 1994, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. *The Quick and the Dead*, eré rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, jáde ní 1995, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni eré àwòrán tí ń rìn kan jáde fún àwọn ọmọdé, *Toy Story*. Bèbí kọ́bọ́ì kan ni akọni rẹ̀, Woody ni orúkọ rẹ̀, àwọn tí ó ṣe é sì ti jẹ́wọ́ pé Woody Strode ni àwọn fi sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní ọ̀kan nílé. Ó ní akẹtẹ̀, ó ní bàtà kọ́bọ́ì, bí a bá fa okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀. Òyìnbó ni bèbí náà.